Bí Wọ́n Ṣe Ń Tú Bẹ́ẹ̀dì

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ bá mi kí Àǹtí, ẹ sọ fún wọn pé súwẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ dé, ó bá mi mu, apá rẹ̀ nìkan ló gùn díẹ̀. Ara mi le. Mo mọ̀ pé etí yín kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ fóònù, ẹ sì ti sọ fún mi pé èyí tí a bá kọ sílẹ̀ kì í bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti ìwé.

Mo ti rí iṣẹ́ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fìdí mọ́lẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀dì ni o. Bẹ́ẹ̀dì tí èèyàn ń sùn lé, òun gan-an.

Ìjọba ìbílẹ̀ ibí ló gbé e dìde. Bẹ́ẹ̀dì àlòkù ti sú wọn. Àwọn èèyàn ń wọ́ ọ jù sẹ́bàá títì, òjò á rọ̀ sí i, á wú, á wúwo, ọkùnrin mẹ́rin ò ní lè gbé e mọ́. Bí wọ́n bá kó o dé ààtàn, kì í tẹ̀. Katakata á gùn ún mọ́lẹ̀, á tún ta padà sókè, sípíríǹgì inú rẹ̀ á wá lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ katakata. Ni wọ́n bá ní àwọn fẹ́ dán nǹkan kan wò fún oṣù mẹ́fà: kí a máa kó àwọn bẹ́ẹ̀dì yìí jọ sójú kan, kí a tú wọn, kí irin lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ irin, kí fóòmù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́ fi ṣe ìtẹ́lẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì, kí aṣọ rẹ̀ náà sì rí ibi tó máa wúlò.

Ilé ìgbọ́kọ̀sí àtijọ́ kan ni wọ́n fún wa. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa ni a ń pè ní Mélòó-ni, torí pé ìbéèrè yẹn ló máa ń jáde lẹ́nu wọn kí wọ́n tó kí èèyàn káàárọ̀. Ọkùnrin kan wà tó ti ṣe alápatà fún ogún ọdún. Obìnrin àgbàlagbà kan wà tí a ń pè ní Ìyá Onígíláàsì. Ẹnì kẹrin ni èmi ọmọ yín.

Bí ìdánwò yìí bá yege, iṣẹ́ gidi ló dà, ìwé ìgbélùú mi á sì rí ibi fẹsẹ̀ tì. Bí kò bá yege, ìwé mi á parí ní òpin oṣù kẹjọ, màá palẹ̀ ẹrù mi mọ́, màá máa bọ̀ nílé. Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò fẹ́ fi bò fún yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ yáa tètè fi mí ṣe é kó tán.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi obìnrin,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí rẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, a ní láti bu omi fún un. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, o ní eruku òwú ń dí ọ nímú. O ní iṣẹ́ tí èèyàn ń kúnlẹ̀ ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ ìwé. O gbé àpò, o lọ. Ibi tí a ní kí gbégbé má gbé, ibẹ̀ náà ló wá lọ gbé. Ṣé orí ìdúró lẹ ti ń ṣe tiyín ni? Ṣé òwú ibẹ̀ kì í wọ imú?

Èmi fi ọdún méjìlélógójì rán bẹ́ẹ̀dì kó má baà tú. Ọmọ tí mo bí wá lọ gba iṣẹ́ títú u. Kò burú, gbogbo wa la ń bẹ nídìí ohun kan náà, orí ló yàtọ̀ sí ìdí.

Ìsọ̀ wà bó ṣe wà. Dákẹ́jẹ́ kí ọ. Ó ti kọ́ṣẹ́ tán, ó ti gba òmìnira lọ́wọ́ mi láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kò lọ. Ọkọ ìyàwó ni, ó ti bímọ méjì, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ mi ló ṣì ń jí wá. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún Àǹtí rẹ pé ó ń wu ọkọ òun kó gba ìsọ̀ náà lọ́wọ́ mi, pé kò lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dá a lóhùn pé ìsọ̀ ní ẹni tó ni ín, ẹni náà rìnrìn àjò ni.

Oṣù mẹ́fà kò jìnnà. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Máa bo imú rẹ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ ṣé, mo ti gba yẹ̀yẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, òwú ibí ń wọ imú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é. Awakọ̀ á já bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. A ó wò ó bóyá ìdun wà nínú rẹ̀. Èyí tí ìdun bá wà nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ là ń kó o sí. A ó gbé ìyókù sórí tábìlì, a ó fi ọ̀bẹ la etí rẹ̀ yí ká, ká lè bọ́ aṣọ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gba etí bẹ́ẹ̀dì nípọn, ọ̀bẹ kì í pẹ́ kú lórí rẹ̀, bí ọwọ́ bá sì yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, irin lèèyàn máa gbá. Alápatà ti dá ọgbọ́n tirẹ̀, ó ń bó o bí ìgbà tí wọ́n ń bó ewúrẹ́. Ó yá ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ó ń ya aṣọ jákujàku, àwọn tí a ń kó aṣọ fún kò sì gba àkísà.

Ogójì bẹ́ẹ̀dì lójúmọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ ń fẹ́ lọ́wọ́ wa. Mọ́kàndínlógún la ṣe lánàá. Mélòó-ni fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n wò ó, wọ́n nù ún, wọ́n tún un kọ, bí ẹni tó rò pé yóò pọ̀ sí i. Èmi náà gé ìka àárín mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n rán an lójú mẹ́ta. Ẹ má dààmú, ó ti ń jinná.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀, Bàbá. Mo rántí àwọn bẹ́ẹ̀dì onísípíríǹgì tí àwọn oníbàárà máa ń gbé wá fún àtúnṣe. Ẹ ó gbé e wọlé, kí n tó gbálẹ̀ tán, ẹ ti ṣí i. Aṣọ rẹ̀ á wà lọ́tọ̀ láìya, aṣọ yẹn kan náà lẹ ó sì tún fi rán an padà. Mi ò rí i kí ẹ mú ọ̀bẹ rí. Mi ò wò yín nígbà náà, mi ò sì bèèrè, ojú títì ni mò ń wò. Báwo lẹ ṣe ń ṣí i?

Ẹ tètè kọ ọ́ sí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọmọ mi obìnrin,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni mo sì kà. Pẹ̀lẹ́ o, ìka rẹ ńkọ́? Ẹni tó rán an fún ọ, ṣé ó mọ̀ ọ́n rán? Bí kókó rẹ̀ bá wà lójú ọgbẹ́, kò mọ̀ ọ́n rán nìyẹn.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Páànù ẹ̀yìn ìsọ̀ ń jò, a gbé bààfù sábẹ́ rẹ̀. Orúnkún ń yọ Àǹtí rẹ lẹ́nu, ó sì kọ̀ láti jókòó. Oníbàárà kan gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú wá, ó ní kí n sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀dì. Mo bi í pé ṣé kò ní fẹ́ kí n sọ òun náà di ìjòkòó.

Mo ti ní kí Dákẹ́jẹ́ kun ilẹ̀kùn ìsọ̀ lọ́dà. Àwọ̀ wo lo fẹ́? Ìwọ lo máa máa wò ó lójoojúmọ́, kò yẹ kí èmi nìkan yàn án.

Bí iṣẹ́ kan kò bá fẹ́ni, kò sí ìtìjú nínú kéèyàn fi í sílẹ̀. Jẹun dáadáa.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo yí lẹ́tà yín síwá sẹ́yìn. Mo tún gbọn àpòòwé rẹ̀ wò bóyá ìwé kan há sínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ fi ń ṣí bẹ́ẹ̀dì ni mo bi yín, àwọ̀ ilẹ̀kùn lẹ fi dá mi lóhùn.

Bóyá ẹ gbàgbé ni, tàbí ẹ rò pé eré ni mò ń ṣe. Eré kọ́. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wá wò wá lọ́jọ́ Ajé, obìnrin kan, ọkùnrin méjì. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fìdí lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí ìdun wà nínú rẹ̀, ó ń kọ̀wé lọ. Kò sẹ́ni tó láyà láti sọ fún un. Wọ́n ní oṣù keje làwọn máa kà. Bí a bá ṣe ogójì lójúmọ́ títí oṣù náà fi parí, wọ́n á fi iṣẹ́ yìí múlẹ̀. Bó bá dín, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Mẹ́rìnlélógún ni tiwa báyìí, ọwọ́ sì ń ro gbogbo wa.

Kì í ṣe èmi nìkan o. Ìyá Onígíláàsì ní ọdún mẹ́rin lòun fi jókòó sílé kí òun tó rí èyí. Wọ́n ń dé ibí ṣáájú ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.

Bàbá, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ dá mi lóhùn.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Bàbá,

Mi ò rí èsì kankan, ni mo bá pe Àǹtí. Wọ́n ní lẹ́tà mi méjèèjì wà nínú àpò àyà yín. Wọ́n ní ẹ máa ń yọ wọ́n jáde, ẹ ó kà wọ́n, ẹ ó ká wọn, ẹ ó dá wọn padà. Àǹtí kì í purọ́, ẹ̀yin náà mọ̀.

Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, màá wá ọ̀nà míì. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, tí ẹ ń fi pa mọ́ fún mi, ẹ sọ ohun tí mo ṣe yín. Inú ń bí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé bí mo bá pariwo rẹ̀ lórí fóònù, ẹ ò ní gbọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọ̀nà kíákíá ni mo fi èyí ránṣẹ́.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi obìnrin,

Ọ̀nà kíákíá ni èmi náà fi èyí ránṣẹ́. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́rin ni.

Mo mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé gan-an ni mo ti mọ ohun tó yẹ kí n kọ. Mo mú bírò, mo kọ “Ọmọ mi obìnrin,” mo sì dáwọ́ dúró. Mo rò ó pé bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, ìwé rẹ á parí, wàá máa bọ̀. Mo ní èmi kọ́ ni mo lé ọ níṣẹ́, èmi kàn dákẹ́ ni, dídákẹ́ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn láti oṣù kẹrin.

Àǹtí rẹ bá mi jà lánàá. Ó ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Mo ní kó lọ jókòó, kó sinmi orúnkún rẹ̀. Nígbà tó jókòó tán, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. O gé ìka rẹ, èmi sì ń bi ọ́ nípa kókó.

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbójú sókè bí ẹnikẹ́ni bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀. Ó ń wù mí kí n rí ọ. Ó ń wù mí gan-an ni, mi ò sì mọ bí a ṣe ń kọ irú ìyẹn sínú lẹ́tà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ọ́ ní àwọ̀ ilẹ̀kùn. Má bínú sí mi.

Wàyí o, gbọ́. Ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

Ìránṣọ etí bẹ́ẹ̀dì kò yàtọ̀ sí ti ẹnu àpò sìmẹ́ńtì. Okùn kan ṣoṣo ni, ojú kan ń kọ́ èkejì lọ́wọ́ lọ yí ká. Bí o bá fà á láti ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ṣe ló máa fún mọ́ ara rẹ̀. Bí o bá fà á láti ibi tó parí sí, gbogbo rẹ̀ á sáré tú. Nítorí náà, ibi tó parí sí ni kí o wá.

Ìdí ẹsẹ̀ ni kí o lọ, má lọ sí ìdí orí. Ẹni tó ń rán an kì í fẹ́ kí ojú oníbàárà bọ́ sí oríkèé, níbi tí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin okùn ti pàdé, ìdí ẹsẹ̀ ló máa ń parí rẹ̀ sí. Fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀. Ibi tí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá ti gun ara wọn, tó nípọn ní ìlọ́po méjì, o ti débẹ̀. Wo ojú méjèèjì: ọ̀kan á dà bí ìránṣọ lásán, èkejì á dà bí ẹ̀wọ̀n wẹ́wẹ́. Ti ẹ̀wọ̀n ni kí o yí sókè. Gé ojú kan péré, kí o fi abẹ́rẹ́ họ ìdí okùn náà jáde. Lẹ́yìn náà, fà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí o bá fi ìbínú fà á, á já, wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Nínú mẹ́wàá, mẹ́ta á wà tí wọ́n fi okùn méjì rán. Ìyẹn kò ní tú láéláé. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún alápatà.

Bàbá rẹ.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ karùn-ún tí ẹ fi ránṣẹ́. Ibi iṣẹ́ ni mo ti kà á, lórí tábìlì, kí n tó bọ́ kóòtù.

Mo wá oríkèé, mo rí i. Mo gé ojú kan, mo fà á, ó fún pinpin. Mo tún fà á, ó tún fún sí i. Alápatà ní ṣé kí òun wá gbà mí. Ni mo wá rí i pé oríkèé náà ní apá méjì, ìbẹ̀rẹ̀ ni mo dì mú. Mo bọ́ sí apá kejì. Bàbá, òwú yẹn sáré! Ó ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́-tẹ́ yí bẹ́ẹ̀dì ká, mo ń sáré tẹ̀ lé e, bí mo ṣe yí padà dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ òkè ti bọ́ lódindi. Alápatà dúró bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó bó ara rẹ̀. Ìyá Onígíláàsì bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi sójú.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n la ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mélòó-ni kà á. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo ní bàbá mi ni. Wọ́n ní, “Kí ló dé tí o ò ti bi wọ́n látọjọ́ yìí?” Mo mú ìgbálẹ̀, mo ń gbá òwú tó wà nílẹ̀.

Mo dúpẹ́, Bàbá. Inú ṣì ń bí mi. Mo ka ibi tí ẹ ti ní ó ń wù yín kẹ́ ẹ rí mi, mo lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ fúngbà díẹ̀, síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kó bí mi díẹ̀ sí i, á lọ.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ kú àbójútó Àǹtí, mo gbọ́ pé orúnkún wọn ti ń fúyẹ́.

Mọ́kànlélógójì ni. Ohun tó bọ́ sí ojúmọ́ kan nìyẹn nígbà tí wọ́n pín gbogbo bẹ́ẹ̀dì oṣù keje sí ọjọ́. Ọjọ́ tó pọ̀ jù, a ṣe méjìdínláàádọ́ta. Ọjọ́ tí òjò dí awakọ̀ lọ́wọ́, mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré, a rò pé ó ti bàjẹ́. Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́ta, wọ́n á sì gba èèyàn mẹ́fà kún wa. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́ wọn. Wọ́n ti bá mi tún ìwé ìgbélùú mi ṣe.

Mo fẹ́ kọ èyí tó kù ní gbangba, kí ẹ má baà máa wá a láàrin ọ̀rọ̀. Mi ò bọ̀ wá gba ìsọ̀, Bàbá. Kì í ṣe lọ́dún yìí, kì í sì í ṣe lọ́dún mẹ́ta. Kì í ṣe torí ìbínú, ìyẹn ti lọ. Mo fẹ́ràn ohun tí mò ń ṣe ni. Kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí kí n tó débí, mi ò sì fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni lẹ́tà yìí ti wà lọ́wọ́ mi, tí ẹ̀rù ń bà mí láti fi ránṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kó wà nínú àpò yín pẹ́.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi obìnrin,

Mọ́kànlélógójì dára. Àwọn mẹ́fà tó ń bọ̀ yẹn, fi àtàǹpàkò kọ́ wọn, má fi ẹnu kọ́ wọn. Ọwọ́ ló ń mọ oríkèé.

Lẹ́tà rẹ kò wọ àpò mi. Mo kà á, mo gbé e fún Àǹtí rẹ, mo sì jókòó sínú ìsọ̀ títí di ọ̀sán. Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dùn mí dé egungun.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo pe Dákẹ́jẹ́, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Mo ní ìsọ̀ ti di tirẹ̀, kó máa bójú tó o. Ó bọ́ sí ẹ̀yìn níbi tí a ń kó òwú sí, ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó jáde, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Mo ṣì ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, àlejò ni mí báyìí. Ó gbé àga fún mi.

Nítorí náà, má ro ti ìsọ̀ mọ́. Kò sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè ọ́ níbí, n kò sì ní bẹ̀ ọ́ láti wá ṣe ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún ọ ní ìsinmi, ì báà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré, kí o wọkọ̀ wá. Èmi ni kí o wá wò.

Bàbá rẹ.